Ta Ló Jẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé òun gbàdúrà títí, òun kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Pásítọ̀ àdúgbò wa ní tiwọn ń gbọ́ èsì nínú ohun gbogbo, títí kan iná tó bá dé láàárín ìwàásù. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ni mo ń tún ṣe jẹun, iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ kí n lè tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú wọn.

I2C ni mo ń wí. Ilé iṣẹ́ Philips ní ilẹ̀ Netherlands ló gbé e jáde ní 1982, kí àwọn chip inú ẹ̀rọ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún aago tó ń ka ìgbésẹ̀. Rẹsísítọ̀ ló gbé wáyà méjèèjì ró sókè. Chip kan kò lè tì í sókè. Kó fà á wálẹ̀ tàbí kó fi í sílẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà yóò fi bíìtì 7 pe nọ́ńbà ẹni tó ń wá, yóò fi ìkẹjọ sọ bóyá ó fẹ́ kà tàbí ó fẹ́ kọ. Nígbà ìkẹsàn-án, yóò jáwọ́ lára wáyà. Bí ẹni tó ni nọ́ńbà bá wà, á fà á wálẹ̀. Bí wáyà bá wà lókè síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni kò jẹ́? Chip tí kò sí níbẹ̀ rárá, chip tó ti jóná, àti chip tí ara rẹ̀ le koko, wáyà lè rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ẹ wo EEPROM, chip ìrántí kékeré nì: bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lọ́rọ̀, ó lè dákẹ́ fún nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé ohun tí ẹ fún un gan-an ló ń tọ́jú pamọ́ lọ́wọ́. Ibo ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi èyí sí?

Ti pásítọ̀ ńkọ́? DS3231 tó ń pa àkókò mọ́, 0x68 ni nọ́ńbà rẹ̀. MPU-6050 tó ń mọ̀ bí nǹkan ṣe ń yí, 0x68 náà ni, bí a kò bá yí i padà. Ẹ fi méjèèjì sórí wáyà kan, ẹ pè é: èsì á dé kíá, á sì dà bí ẹyọ kan. Ẹ wá bi í pé aago mélòó ló lù, ọ̀rọ̀ á dàpọ̀. “Àgò yà” tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ènìyàn wà nílé; kò sọ pé baálé ni.

Ẹni tí a pè tún lè di wáyà aago mú mọ́lẹ̀, kí ẹni tó pè é sì máa dúró. I2C kò fi ìwọ̀n sí ìdúró yẹn. SMBus tí Intel fà yọ lára rẹ̀ ló ní ìwọ̀n: ìdá 35 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kí kálukú jáwọ́. Òfin tó dára ni fún chip inú bátìrì. Mo ń gbọ́ irú rẹ̀ nínú àdúrà wa náà: “Baba, kí oṣù yìí tó parí!” Ìyá mi kì í dá ọjọ́ nínú àdúrà tiwọn. Pásítọ̀ kò sì pè wọ́n síwájú rí pé kí wọ́n wá jẹ́rìí.