Ẹ̀tọ́ Onígbèsè Owó Iná Wà Nínú Sàká Wa

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ti ìrun. Ọ̀rọ̀ owó iná ni. Bí ẹnìkan bá ní kí ló kan ẹ̀sìn nínú owó iná, èsì wa ni pé gbèsè ni, ọ̀rọ̀ gbèsè sì ti wà nínú Àlùkùránì kí NEPA tó dáyé.

Nígbà kan, ohun tí àwa ará Òkè-Ògùn ń sunkún rẹ̀ ni pé kò síná rárá. Lónìí, ibi tí iná bá dé, ẹkún mìíràn a tún tẹ̀lé e: bíìlì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àáfà ṣe ń ṣírò ogún. Ilé tó ń lo yúníìtì mẹ́ta lójúmọ́ yóò lo 90 lóṣù. Láyé náírà 68, náírà 6,120 ni yóò san. Ní náírà 225, ó di náírà 20,250. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún kan náà jẹ́ náírà 70,000. Owó iná nìkan ti ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, a ò tíì ra gàrí, a ò tíì san owó ilé-ìwé ọmọ. Àwọn tí kò sí ní Band A kò bá àfikún ìgbà yẹn pàdé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní mítà. Bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń gbé wá fún wọn.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa jù? Opó tó fi ẹ̀rọ amómidì kan ṣoṣo ń ta omi tútù ní Ṣakí láti fi tọ́ ọmọ ni. Aránṣọ tó ń rán aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, tí kò lè fi áyọ́ọ̀nù lọ iṣẹ́ oníbàárà bí wọ́n bá ti já wáyà rẹ̀, wà níbẹ̀. Ayálégbé tó wà nílé tí yàrá mẹ́jọ ń pín mítà kan náà wà níbẹ̀, ẹni tí bùlúùbù kan ṣoṣo rẹ̀ ń san lára iná fíríìjì ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀, òmíràn nínú wọn a sáré lọ yá owó gbómúlélántà. Láti san owó iná, ó ti kó wọ inú ríbà. Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí arábìnrin kan ń wọ inú ríbà nítorí owó tí kò tó owó ankọ́ọ́ wòlímọ̀ kan, níbo ni àwa wà?

Ọlọ́hun Ọba ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súratu Tawbah, ẹsẹ 60. Aláìní àti tálákà ló ṣáájú, àwọn onígbèsè tí Lárúbáwá ń pè ní *gārimīn* sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tí kò jẹ gbèsè nítorí ẹ̀ṣẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò sì ká a, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Nítorí náà, ẹni tí bíìlì wọ̀ lọ́rùn nínú wa kì í ṣe alágbe. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ni. Bí sàká bá wà lọ́wọ́ wa tí a mú un jẹ, ohun olóhun ni a jẹ.

Ẹ má sì fojú kékeré wo gbèsè kékeré. Hadiisi wà nínú Bukhari pé wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì, ó jẹ gbèsè dínárì mẹ́ta péré, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ànábì ní kí àwọn sàábé kírun sí i fúnra wọn. Ìgbà tí Abu Qatādah ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó kírun sí i. Ọkùnrin kan dìde, ó gbé ẹrù ẹlòmíràn, ọ̀nà sì là fún òkú. Irú Abu Qatādah bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò wa ń wá.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn kan. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí hadiisi inú Abu Dāwūd tó sọ pé àwọn Mùsùlùmí jọ ní ìpín nínú omi, koríko àti iná, wọn a wá fi ṣe ẹ̀rí pé kò sí láìfí nínú kí èèyàn fi wáyà gba ẹ̀yìn mítà. Rárá o. Ẹni tó ní kí wọ́n so iná sílé òun ti ṣe àdéhùn, ìbẹ̀rẹ̀ Súratu Māʼidah sì pa á láṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Iná tí a jí lò ló ń di ẹrù lé tiransifọ́mà lórí, ọjọ́ tó bá sì jó, gbogbo àdúgbò ni yóò dáwó rẹ̀, olè àti ẹni tí kò jalè. Bákan náà, kí ẹni tó ń kọ bíìlì ńlá fún ilé tí kò rí iná lọ ka Súratu Mutọffifīn. Òṣùwọ̀n ni mítà jẹ́. Ẹni tó bá yí òṣùwọ̀n po, ègbé tí Ọlọ́hun kéde níbẹ̀ ń dúró dè é.

Kí wá ni ṣíṣe? Bukhari àti Muslim gbà á wá pé nígbà tí oúnjẹ bá ń tán lọ́wọ́ àwọn ará Ash‘ar, wọn a kó ohun tó kù lọ́wọ́ oníkálukú jọ sínú aṣọ kan, wọn a sì fi igbá kan náà pín in dọ́gbadọ́gba. Ànábì ní ara òun ni wọ́n, òun náà sì jẹ́ ara wọn. Àwa Yorùbá tó mọ èèsú àti àjọ, ṣé èyí ṣòro fún wa? A dábàá pé kí ẹgbẹ́ àsàlátù kọ̀ọ̀kan dá àpò owó iná sílẹ̀ báyìí:

Èkíní, kí a ya owó sàká sọ́tọ̀ kúrò lára sàráà. Sàká ní àwọn tó tọ́ sí. Sàráà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, kí a wádìí. Nínú hadiisi Qabīsah tí Muslim gbà wá, ẹni tí òṣì bá dé bá lè tọrọ bí ènìyàn mẹ́ta olóye láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Kí àwa náà wá olóye mẹ́ta ládùúgbò.

Ẹ̀kẹta, kí a yẹ bíìlì wò kí a tó san án. Èyí tó bá jẹ́ àfojúdá tó ju agbára ilé náà lọ, kí ẹ̀yin tó kàwé ní Pólì Òkè-Ògùn àti níbòmíràn bá àwọn ìyá wa kọ lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná. Bí kò bá lójú, kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná. Sàráà ni bíírò yín náà lè ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí a sanwó náà tààrà sí orí mítà tàbí bíìlì ẹni náà, kí ó lè débi tí a rán an.

Ẹ̀karùn-ún, kí a bò ó láṣìírí. Súratu Baqarah, ẹsẹ 271, jẹ́ kó yé wa pé sàráà tí a fi pamọ́ fún aláìní ló lóore jù. Ẹ má ya fọ́tò opó pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa ni a ó kọ́kọ́ ro irú èyí. Láti ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti dá ètò LIHEAP sílẹ̀ fún ilé tí owó iná ń ni lára. Ní ọdún 2011, Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń yọ pọ́ùn kúrò nínú bíìlì aláìní nígbà òtútù. Ní Gánà nítòsí wa níbí, nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ìjọba gba owó iná àwọn tó ń lo iná táṣẹ́rẹ́ sọ́rùn. Ìjọba ló ṣe ìwọ̀nyẹn, ó sì tọ́ kí a máa bi tiwa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò ní kí a dúró de ìjọba kí a tó yọ sàká.

Níbo ni owó yóò ti wá? Òkè-Ògùn kì í ṣe ilẹ̀ òfo. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa rò pé olówó báńkì nìkan ni sàká kàn. Àgbàdo àti ọkà bàbà tó bá pé òṣùwọ̀n *wasq* márùn-ún, tí àwọn onímọ̀ òde-òní ṣírò sí nǹkan bíi kílò 650, ti wọ sàká: ìdá kan nínú mẹ́wàá bó bá jẹ́ òjò ló mu ún, ìdajì ìyẹn bó bá jẹ́ omi tí a fi agbára fà. Ẹni tó ní màlúù 30 ní ọmọ màlúù ọlọ́dún kan láti yọ. Bí ẹgbẹ́ bá gba ìwọ̀nyí lọ́wọ́ oko díẹ̀ péré, ọ̀pọ̀ ilé ni iná kò ní kú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mọ́sálásí wa náà ń gba bíìlì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí lèmọ́mù bá kéde rẹ̀, a ń dá owó náà tayọ̀tayọ̀, kí ẹ̀rọ ìpèrun má baà dákẹ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n opó tó ń gbọ́ ìpèrun náà láti inú òkùnkùn ilé rẹ̀, lẹ́yìn ògiri mọ́sálásí kan náà, ta ni yóò kéde tirẹ̀?

Kí Ọlọ́hun tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wa bí a ti ń tan án sí ilé ọmọnìkejì wa. Kí Ó san gbèsè ọrùn wa, kí Ó gbà wá lọ́wọ́ ríbà, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí ń fúnni. Àmín.