Ìràwọ̀ Já, Ta Ló Kú?

Bí ènìyàn bá kúrò níbi iná mọ́tò àti ilé epo oríta Ọ̀rẹ̀, tó wọ abúlé oko kan ní ìhà Odigbó, ojú ọ̀run á ṣókùnkùn dáadáa. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá, bí òjò bá fàyè sílẹ̀, ẹni tó jí kírun òru lè rí i tí ìràwọ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á sì sọ pé ẹni ńlá kan ti kú.

Bí bàbá kan bá wá ṣaláìsí lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó pa á, ojú á sì lọ sára opó kan tí kò ní alágbàwí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kì í ti í ṣe eré mọ́.

Eruku ni ohun tó ń já. Ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Halley, tó jẹ́ yìnyín àti òkúta, ló ń dà á sílẹ̀ bó ṣe ń yí oòrùn po ní nǹkan bí ọdún 76. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ayé wa ń gba inú eruku náà kọjá, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá. (Ti oṣù karùn-ún, òjò a máa bò ó mọ́ wa lójú.) Hóró kan lè má ju iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n ó ń sáré tó kìlómítà 66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbóná, yóò tàn yẹ̀rì, ó parí.

Edmond Halley ló ṣírò pé ìràwọ̀ onírù ọdún 1531, 1607 àti 1682 ọ̀kan náà ni, pé yóò padà ní 1758. Ó kú ní 1742. Ìràwọ̀ náà kò yẹ àdéhùn. Ní 1910 tó yọ, Ọba Edward Keje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú. Ó dára. Ó tún yọ ní 1986. Ọbabìnrin Elizabeth sì wà lórí ìtẹ́ títí di 2022.

Ẹnì kan lè ní Al-Kùránì sọ pé a fi àtùpà ọ̀run ń sọ àwọn ṣàìtánì lókò. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n ń ṣe tí a fi ń lé wọn? Wọ́n ń yọ́ gbọ́ ìròyìn ọ̀run, kí wọ́n lè gbé e fún àwọn awoṣẹ́. Ẹni tó wá ń fi ìràwọ̀ tó já woṣẹ́, ẹ̀yìn ta ló wà? Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, ìràwọ̀ kan já níṣojú Ànábì (s.a.w.). Ó bi àwọn sàhábà léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní ìgbà àìmọ̀kan. Wọ́n ní àwọn a máa sọ pé wọ́n bí ẹni ńlá, tàbí ẹni ńlá kú. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í já nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó kàwé, ẹ̀yin náà a máa ní: eruku lásán ni, kò sí àmì Ọlọ́hun níbẹ̀. A kò gbà. Ta ló lànà fún un tí kò fi ṣìnà? Nítorí pé ó ń pa àkókò rẹ̀ mọ́ gan-an ni kò fi lè jẹ́ ìròyìn ikú bàbá kan ṣoṣo ní abúlé wa.

Yóò padà ní 2061. Àwọn ọmọ ilé kéú Ọ̀rẹ̀ òní á ti di àgbà nígbà náà. Bí bàbá kan bá kú lóru ọjọ́ tó bá yọ, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì jẹ́ kí opó rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ ní àlàáfíà.