ÌFẸ́ TÍ KÌ Í SÁ



Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọdún 2006, ní Baghdad, ọ̀tá ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sínú ọkọ̀ ogun àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ross McGinnis, ọmọ ọdún 19, ni ó wà nídìí ìbọn lókè ọkọ̀ náà. Ó láǹfààní láti bẹ́ jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀ kò ní. Ó kígbe fún wọn, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ bo bọ́ǹbù náà. Òun kú, àwọn mẹ́rin yè. Ní 2008, wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o, ará: ọ̀nà là fún un, kò sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Jésù Olúwa wa náà dúró lórí àgbélébùú nítorí wa (Jòhánù 15:13).

Àwa ńkọ́? Bí ará wa kan bá wà lórí àìsàn, a ó ní, “A ó máa rántí rẹ nínú àdúrà,” a ó sì gba ilé wa lọ. Oorun òru kan ṣoṣo, a kò lè fi du ara wa láti bá a ṣe àìsùn!

Kí Olúwa fún wa ní ìfẹ́ tí kì í sá. Àmín.