Ohun Tí Fọ́nrán Bọ́ Sílẹ̀

Bí ẹ̀dá bá bọ́ ohun tí a bí mọ́ ọn sílẹ̀ kí ó lè bá ẹlòmíràn gbé, ǹjẹ́ kò ti sọ ara rẹ̀ nù? N kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìbéèrè yìí títí mo fi ronú sí fọ́nrán ọ̀gbọ̀, èyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Jámánì ń pò mọ́ ike láti fi ṣe ìbòrí inú ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: fọ́nrán ní agbára ṣùgbọ́n kò lè dá dúró, ike lè dúró ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré. Síbẹ̀, fọ́nrán fẹ́ràn omi, ike sì jẹ́ ọmọ epo rọ̀bì. Oje àti ọ̀rá tí ó so fọ́nrán mọ́ ara igi rẹ̀ nígbà tí ó wà lóko sì wá di ògiri láàrin òun àti alábàágbé rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ irú ike bẹ́ẹ̀, a ó rí ihò wẹ́wẹ́ níbi tí fọ́nrán ti yọ gbọọrọ jáde láìjá, bí àlejò tí ó sùn mọ́jú tí kò bá onílé sọ̀rọ̀.

Láti ẹnu iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀nà láti wó ògiri yìí ti wá. Ní 1844, John Mercer, ará Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń tẹ àwòrán sára aṣọ, rí i pé òwú tí a rì sínú omi kọ́sítíìkì sódà wú, ó súnkì, ó lágbára sí i, ó sì gba aró ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ fún aró àti ọṣẹ dúdú, àbúrò sódà yìí ni. Lónìí, a máa ń rẹ fọ́nrán sínú omi tí sódà rẹ̀ sábà máa ń tó ìwọ̀n 5 nínú 100, a ó ṣan án, a ó sá a; oje a yọ́, ara tí ń dán a di gbágungbàgun, ike a sì rí ibi dì mú. Bí a bá tún ṣẹ́ ike náà, púpọ̀ nínú fọ́nrán ni yóò já sójú ibi tí ó wà, tí kò ní yọ.

Ṣé fọ́nrán ti wá di ike ni? Rárá o. Egungun tí Elédùmarè fi sí i nínú kò lọ. Ohun tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ni ó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbéraga àti ìkanra tí a fi ń sọ pé, "Bí a ṣe dá mi nìyẹn": oje lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe orí tí a yàn láti ọ̀run.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń tọ́ ọmọ àti ẹni tí ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ ṣọ́ra, nítorí bí sódà bá le jù, tàbí tí fọ́nrán bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, egungun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìbáwí tí ó bá kan egungun ti kúrò ní ìbáwí.

Kí olúkúlùkù wa wá bọ́ oje rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì pa egungun rẹ̀ mọ́, nítorí ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo ni a ń mọ̀ bóyá àlejò ni wá nílé ara wa, tàbí a ti di ará ilé.