Mọ́tò Rédíò àti Orúkọ Ìyá

Inú àpótí àlòkù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni ọmọ àbúrò mi ti rí mọ́tò náà. Mọ́tò kásẹ́ẹ̀tì ni, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Bóyá òun ló ti yí orin Àyìnlá Ọmọwúrà fún mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ rédíò l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọmọ náà tẹ ọwọ́ ṣíbí, ó dè é mọ́ báírò tó ti gbẹ, ó ki abẹ́rẹ́ ìránṣọ bọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ ṣájà fóònù. Ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn: iṣẹ́ náà mọ́.

Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fín sí apá. Àbúrò mi ni ìyá náà, ó kú lọ́dún 2021.

Pásítọ̀ wa ṣí Léfítíkù 19:28 fún ọmọ náà, níbi tí òfin ti kọ̀ kí èèyàn gé ara nítorí òkú. N kò lè ṣe àmín. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ pásítọ̀ fúnra wọn, àbàjà sì ni tèmi.

Olóòlà ni bàbá mi. Òun ló kọ mí nílà kí n tó lè fọhùn, tó sì kán omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́. Ẹni tó bá ní àjèjì lásán ni ẹ̀rọ tátù, kó rántí pé ara ohun èlò ọ́fíìsì ló ti wá. Lọ́dún 1876, Edison gba ìwé àṣẹ lórí kálàmù oníná tó ń lu bébà, kí wọ́n lè máa da lẹ́tà kọ. Lọ́dún 1891, Samuel O'Reilly ní New York gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ara fífín tó fà yọ nínú irú kálàmù bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kò ṣe ju tiwọn lọ.

Ibòmíràn ló ti ń dùn mí. Kí bàbá mi tó mú abẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń bi ìdílé léèrè pé ilà ta ni kí òun kọ. Bí ọgbẹ́ bá kẹ̀, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn. Ọmọ yìí ni olóòlà, òun náà ni ẹni tí wọ́n ń kọ.

"Bí apá yẹn bá wú, ta ló máa jíhìn?"

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo ni ara mi. Ta ló bi yín kí wọ́n tó kọ yín nílà?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ti jẹ́ tàwọn kan kí n tó jẹ́ ti ara mi, kò sì dùn mí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó fẹ́ kọ yẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ni òun ló ń wá.

Mo gba ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ ranni, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì ní kí ẹnikẹ́ni má fín ọmọ tí kò tíì pé 18, kó má sì kọ ọ́ nílà. (Òfin yẹn ì bá ti mú bàbá mi.) Oṣù mẹ́rin ló kù kí ọmọ náà pé 18. Mo ní tó bá pé, màá bá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ tí wọ́n máa kọ, èmi ni màá pè é.

Lánàá, oníbàárà kan gbé rédíò wá, mọ́tò rẹ̀ ti kú. Mo fa dúrọ́ọ̀ yọ, mo wo èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ náà níbẹ̀, mo tì í padà. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.