Òfin Keje àti Igi Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi nínú Krístì, ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìrìbọmi ní Bassila, ní Manigri àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká,

Nígbà tí a bá bi yín pé kí ni Òfin Keje kọ̀ fún wa, gbogbo yín ni ẹ máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé: olè jíjà. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ, adìẹ ẹni ẹlẹ́ni, iṣu inú oko ẹlòmíràn àti owó ọjà ni ẹ máa ń dárúkọ. Katikísìmù Ìjọ Kátólíkì, ìwé tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fọwọ́ sí ní ọdún 1992, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nọ́ńbà 2415, abẹ́ Òfin Keje yìí gan-an ni ó fi ọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run sí: ẹranko, ewéko àti àwọn ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ti gbogbo ènìyàn ni wọ́n, ti àwọn tó ti kọjá lọ, ti àwa tí a wà láyé, àti ti àwọn tí a kò tíì bí.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tó gé igi apá tàbí igi emi láti sun ún di èédú, tí kò sì gbin òmíràn dípò rẹ̀, ta ni ó jà lólè? Ó lè jẹ́ pé inú oko bàbá rẹ̀ ni igi náà wà. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú un. Síbẹ̀, ọmọ kan tí yóò wá sáyé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún yóò wá ibòji, kì yóò rí i. Ooru ayé yóò ti pọ̀ sí i, òjò kì yóò sì mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Ohun ìní ọmọ yẹn ni a dì sínú àpò tí a ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo mọ̀ pé òṣì ló lé ọ̀pọ̀ lọ sídìí èédú, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ yìí kẹ́gàn obìnrin tó ń tà á.

Ní orílẹ̀-èdè wa Benin, láti ọdún 1985 ni ìjọba ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a jùmọ̀ gbin igi sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ohun rere ni, àsìkò náà sì dára, nítorí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ ni ìsinmi ńlá yóò dé. Olùkọ́ a padà sí ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ a lọ sóko, ewúrẹ́ nìkan ni yóò kù tí yóò máa bẹ igi náà wò. Èyí tí ewúrẹ́ bá dá sí, koríko a bò ó. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ koríko, ọyẹ́ àti iná ìgbẹ́ ń dúró dè é. Nígbà tí ọdún bá yí po, a ó tún padà sídìí ihò àná, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn kan náà láti ẹnu àwọn ọlọ́lá.

Olóògbé Póòpù Francis, nínú ìwé rẹ̀ Laudato Si' ti ọdún 2015, ka ilé-ẹ̀kọ́, ìdílé àti ẹ̀kọ́ katikísìmù pọ̀ mọ́ ibi tí a ti ń kọ́ ènìyàn láti tọ́jú ayé. Ó dárúkọ iṣẹ́ kéékèèké pẹ̀lú: kí a má fi omi ṣòfò, kí a se ìwọ̀n oúnjẹ tí a lè jẹ, kí a gbin igi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni èyí, kí ó wo Porto-Novo. Ní ọdún 1985 kan náà ni Fàdá Godfrey Nzamujo, ti ẹgbẹ́ àwọn Dòmínìkì, dá ibùdó ẹ̀kọ́ Songhaï sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà tí ohunkóhun kì í fi í ṣòfò: ìgbẹ́ ẹran a di gáàsì ìdáná, èyí tó ṣẹ́kù a di ajílẹ̀ fún ewébẹ̀, pàǹtí oko a sì tún di oúnjẹ ẹran. Olúwa wa, tó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀, kò ha pàṣẹ pé kí a ṣa èérún jọ bí, tí ó sì kún agbọ̀n méjìlá? Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá ti ń fi igi se oúnjẹ ọ̀sán, ààrò amọ̀ tí a mọ yí ìkòkò ká a máa jẹ igi díẹ̀ ju òkúta mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láàárín wọn lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kàn yín. Òru Àìsùn Àjíǹde ni a ó ṣe Ìrìbọmi yín. Ẹ wo àsìkò tó bọ́ sí: òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga ti lọ sílẹ̀, tí àwọn ìyá wa ń jí ní òru lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi. Láti inú ilẹ̀ kan náà ni omi tí àlùfáà yóò súre sí ti ń wá. Ogójì ọjọ́ Ààwẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ sì ni òùngbẹ ń gbẹ àwọn igi tí a gbìn ní oṣù kẹfà. Nítorí náà, kí olúkúlùkù yín, ọmọdé àti àgbà, gba igi kan tọ́jú ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí tí ẹ fi fọwọ́, ẹ dà á sí ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Mùsùlùmí bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Omi àlùwàlá rẹ̀ náà yóò ṣe igi lóore.

Kí a tó tún pàdé, ẹ lọ ka àwọn igi tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹfà tó kọjá ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ kọ iye tó yè sílẹ̀, ẹ kọ iye tó kú, kí ẹ sì mú ìwé náà wá.