Ta ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí a wà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run bi ènìyàn nínú Ìwé Mímọ́ ni ìbéèrè ibi tí ó wà. Ádámù ti fi ara pamọ́ sáàárín àwọn igi ọgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Ẹni tí ó bi í léèrè kò mọ ibẹ̀. Ó bi í kí òun tìkára rẹ̀ baà lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà wá ni ọmọ ènìyàn ti ń fẹ́ ohun méjì tí kò bára wọn mu: ó ń fẹ́ kí a rí òun, ó sì ń fẹ́ kí a má ṣe rí òun. Nígbà tí ewu bá dé, a óò ké tantan kí ẹnikẹ́ni tí ń kọjá lọ lè gbọ́. Nígbà tí ewu bá sì ré kọjá, a óò ti ilẹ̀kùn wa. Àwa kì bá tí mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú-ìwé wa ní oṣù yìí, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ kan wà nísinsin yìí nínú àpò púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ó lè dáhùn ìbéèrè náà kí olúwa rẹ̀ tó la ẹnu.

Nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà ni a fi ń so tẹlifóònù mọ́ ilé, ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí. Ibi tí wáyà bá parí sí, níbẹ̀ ni ẹni tí ń pè wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro nígbà náà ni kí a tètè gbọ́ igbe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, iná jó ilé kan ní òpópó Wimpole ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú nínú rẹ̀. Aládùúgbò kan tí ó rí iná náà sáré sí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ìpè tirẹ̀ ń dúró de àyè láàárín ìpè àwọn tí ń kí ara wọn àti àwọn tí ń ṣòwò, nítorí kò sí àmì tí àwọn tí ń so wáyà pọ̀ lè fi mọ̀ pé igbe ni èyí. Ọkùnrin náà fi ìbínú kọ̀wé sí ìwé-ìròyìn The Times. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1937 ni a sì ṣí nọ́ńbà 999 ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò bẹ̀rẹ̀ sí í lo 911 tiwọn títí di ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1968, ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Haleyville ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹlifóònù já kúrò lára wáyà, tí ó di ohun tí à ń gbé sínú àpò rìn, ẹlẹ́rìí náà kú. A ń gbọ́ ohùn, a kò mọ ilé. Ẹ rò ó wò: awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ já sínú kòtò ní òru, ní ọ̀nà tí kò gbà rí, ìyá àgbà tí èémí rẹ̀ ń tán lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà tí baba rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí jùlọ, àwọn náà sì ni kò lè sọ ibi tí wọ́n wà. Nítorí èyí ni àjọ FCC, tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe pàṣẹ ní ọdún 1996 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká wá ọ̀nà tí a ó fi máa mọ ibi tí ẹni tí ó pe 911 wà. Ọ̀nà kan ni pé kí a wo òpó tí ó gba ìpè náà. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko, òpó kan ṣoṣo a máa sin ilẹ̀ ọ̀pọ̀ máìlì, ta ni yóò sì wá gbogbo rẹ̀ já kí aláìsàn tó kú? Ọ̀nà mìíràn ni ti àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká: fóònù yóò gbọ́ àmì láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, yóò sì ti inú àkókò tí àmì kọ̀ọ̀kan fi rìn ṣírò ibi tí òun wà. Èyí dára ní gbangba, ṣùgbọ́n òrùlé àti ògiri a máa dí i lọ́wọ́. Nínú ilé, fóònù a máa fi àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi tí ó wà nítòsí ṣe àmì, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti í fi igi ìrókò àti ilé alágbẹ̀dẹ mọ ọ̀nà.

Ní ọdún 2014 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n tí à ń pè ní AML. Bí ènìyàn bá ti pe 999 tàbí 112, fóònù yóò fúnra rẹ̀ wádìí ibi tí ó wà, bí olúwa rẹ̀ tilẹ̀ ti pa ohun tí a fi ń wádìí náà, yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń gba ìpè, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Google fi irú rẹ̀ sínú fóònù Android ní ọdún 2016, Apple ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018, láti oṣù kẹta ọdún 2022 sì ni òfin ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo fóònù ìgbàlódé tuntun tí a bá ń tà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ti ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ewu tirẹ̀. Ènìyàn lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì yí padà. Àdírẹ́sì tí ó kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ra ẹ̀rọ náà ni ilé-iṣẹ́ mọ̀. Ní ọdún 2008, ìdílé kan ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, fi irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ ké pe ìrànlọ́wọ́ nítorí ọmọ wọn kékeré. Ilé tí wọ́n ti kó kúrò, ní ìpínlẹ̀ Ontario tí ó jìnnà réré, ni ọkọ̀ aláìsàn lọ. Ọmọ náà kú. Ohun tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ àná ni. Kí àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun, tí wọ́n sì ń lo irú ẹ̀rọ yìí, má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí parí kí wọ́n tó wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi sílẹ̀.

Wàyí o, àwọn kan ń béèrè pé, ó ha tọ́ kí ẹ̀rọ sọ ibi tí ènìyàn wà láìbi í léèrè? Àwa rò pé ẹni tí ó ké ti dáhùn tán. Bátíméù afọ́jú ké lẹ́bàá ọ̀nà, Olúwa wa sì tún bi í ní ohun tí ó ń fẹ́, nítorí ó ní ohùn àti àkókò láti fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ọ̀nà Jẹ́ríkò, tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ìyè àti ikú, ará Samáríà kò gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó di ọgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, a óò mọ̀ pé olúwa rẹ̀ kò tíì ṣubú lójú ọ̀nà rí.

Níhìn-ín ni ìbá rọrùn láti fi gègé sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Hẹ́rọ́dù. Ọba náà mọ ìlú, kò mọ ilé. Àwọn olùkọ́ òfin ti sọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù fún un, gẹ́gẹ́ bí òpó ti í sọ àdúgbò láìsọ ojúlé. Nítorí náà ni ó ṣe bẹ àwọn amòye pé bí wọ́n bá rí ọmọ náà, kí wọ́n wá sọ ibi tí ó wà fún òun. Ẹ sì wo ìdí tí ó fi lélẹ̀: ìjọsìn ni. Kò sí ẹni tí í bèèrè ilé ẹlòmíràn tí í sọ pé ibi ni òun ń rò. Àwọn amòye gba ọ̀nà mìíràn padà sí ilẹ̀ wọn, Jósẹ́fù sì gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sá lọ sí Íjíbítì ní òru. Ẹni tí ń sọ pé aláìṣẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi pamọ́, kí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀ fún wa. Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé, ìbá ṣe pé Hẹ́rọ́dù mọ ilé náà, àwọn ọmọ-ọwọ́ yòókù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kì bá tí kú. Ọ̀rọ̀ náà le, àwa kò sì ní fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn ẹni tí ó rán idà, kì í ṣe lọ́rùn àwọn tí ó pa ẹnu mọ́.

Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Fìtílà tí mo fi ọwọ́ ara mi tàn nígbà tí mo ké kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹlòmíràn gbé tẹ̀lé mi lẹ́yìn lójoojúmọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù a máa pa àkọsílẹ̀ òpó tí fóònù wa ń lò mọ́, bí a ké, bí a kò ké. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá tí ń wádìí olè gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọkùnrin kan, ti ọjọ́ 127, ibi tí a sì ti sàmì sí i nínú rẹ̀ jẹ́ 12,898. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà dá a pé wọn ìbá ti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́. Adájọ́ márùn-ún ni ó gbà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin kò gbà. Nípa èyí a lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá bákan náà. Ti àwọn márùn-ún náà ni àwa ń ṣe.

Ohun mìíràn wà tí ó ń dùn wá ju èyí lọ. Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n kọjá ní ìhà kejì ọ̀nà Jẹ́ríkò mọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Wọ́n fi ojú ara wọn rí i, sátẹ́láìtì kankan kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ wa, àjọ NCC ti yan 112 fún gbogbo Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní 767 pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa kéékèèké mọ̀ wọ́n bí wọ́n ti mọ orúkọ baba wọn. Ṣùgbọ́n kí a mọ ojúlé kì í ṣe kí a dé ibẹ̀. Ìjọba tí ó bá gbà láti mọ ibi tí mo ṣubú sí ti jẹ mí ní gbèsè ọkọ̀, epo inú ọkọ̀, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Bákan náà ni àwọn tí í pagbo yí ẹni tí ọkọ̀ gbá ká, tí wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, nígbà tí fóònù náà gan-an lè pe 112.

Obìnrin kan wà tí a kò lè ṣe aláìrò nípa rẹ̀, òun sì pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ń lù ú, ó ń gbàdúrà kí ọkùnrin náà má ṣe mọ ibi tí òun wọ̀ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà rí ibẹ̀, ó sì wọlé. Nísinsin yìí, ó di dandan kí ẹlòmíràn mọ ibẹ̀ kíákíá, òun kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ṣe ètò fún irú rẹ̀: bí ó bá fi fóònù alágbèéká pe 999 tí kò sì lè fọhùn, a óò ní kí ó tẹ 55, bí ó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, a óò fà á lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́.